Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: láti ìgbà tí mo ti bímọ, ẹkún ò kúrò lójú mi

Oníbéèrè, Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi. Ọmọ ọdún 31 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà-Ọba kí n tó bímọ. Àkọ́bí mi ti lé ní oṣù mẹ́rin. Ara rẹ̀ le, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni nǹkan ń ṣe.

Tí mo bá na ẹsẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́, omijé á kàn máa já bọ́ sínú omi ìwẹ̀ ọmọ, n ò sì ní mọ ohun tí mò ń sunkún sí. Omi á tutù, ọmọ á máa gbọ̀n, màá ṣì jókòó síbẹ̀. Lálẹ́, ọmọ á sùn, èmi ò ní sùn. Oúnjẹ ò wù mí jẹ.

Àárín èmi àti ọkọ mi ti dàrú. Tíṣà ni, Ìkìrun ló ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá dé, á gbé ọmọ díẹ̀, á bọ́ sí yàrá. Oúnjẹ tí mo bò sórí tábìlì á wà níbẹ̀ di àárọ̀. Ó ní ìjà ni gbogbo ọ̀rọ̀ òun ń dà létí mi. Màmá rẹ̀ tí wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ ti bínú lọ, torí mo ní kí wọ́n má fún un ní àgbo. Pásítọ̀ wa ní kí n gbààwẹ̀. Ẹnì kan nínú ẹbí tún ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé abísínwín ló fẹ́ ṣe mí. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ọ̀rẹ́ mi ní ká lọ rí àwọn tó kọ́ṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn. Ọkọ mi ní a kì í kó ọ̀rọ̀ ilé síta. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí pè yín jókòó. Ìwọ náà, lọ bẹ ìyá ọkọ rẹ.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì
Ọmọ mi, iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Kí inú ìyá bàjẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ wọ́pọ̀, kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tó ń gba oorun àti oúnjẹ lẹ́nu ènìyàn, ó lè jẹ́ ìsoríkọ́. Àìsàn ni, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, nínú ìyá márùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan tí àárẹ̀ ọkàn ń bá jà, ìsoríkọ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Abísínwín yàtọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni náà á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ní lórí kò ní nídìí. Ohun tó o sọ fún wa kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá sì ṣe gan-an, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Lọ sí UNIOSUN Teaching Hospital, ibi tí a mọ̀ sí LAUTECH tẹ́lẹ̀. Gba káàdì, sọ fún dókítà bó o ṣe sọ fún wa, wọ́n á darí rẹ sí àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ. Ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí wọ́n máa ń bi ìyá ọmọ tuntun: ṣé o ṣì ń rẹ́rìn-ín, ṣé o ń dá ara rẹ lẹ́bi láìnídìí. Èyí tó kẹ́yìn ni ṣé ó ti wá sí ọ lọ́kàn láti ṣe ara rẹ ní jàǹbá. Má fi ìdáhùn ìyẹn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Tí wọ́n bá kọ oògùn, rán wọn létí pé o ń fọ́mọ lọ́yàn. Èyí tó bá ọ mu wà. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, má dá a dúró fúnra rẹ. Má gbààwẹ̀ kankan. Ti àgbo yẹn, o ṣe é re: ọmú nìkan ni fún oṣù mẹ́fà.

Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, Dada Estate
Ìyàwó wa, ẹ kú ewu ọmọ. Èmi àti ìyàwó mi ti lọ bá agbaninímọ̀ràn rí. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á dá ẹjọ́ fún wa. Wọn ò dá ẹjọ́ kankan. Obìnrin náà gbọ́ tẹnu mi lọ́tọ̀, ó gbọ́ tìyàwó mi lọ́tọ̀, kó tó pe àwa méjèèjì. Kí n tó fèsì, á ní kí n kọ́kọ́ tún ohun tí ìyàwó mi sọ sọ. Ìyàwó mi á ní, "Ó rẹ̀ mí." Létí mi, "O ò wúlò" ló ń jẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Kò sì sí ẹbí kankan tó gbọ́ sí i. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ kò gbọ́dọ̀ jáde, àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Ẹ má bá ọkọ yín sọ ọ́ lọ́jọ́ ìjà. Ẹ ní, "Ara mi ò yá, ẹ sìn mí dé ọsibítù." Ẹ wo òun náà o. Ọkùnrin tí kò jẹun, tó ń sá wọ yàrá, ó lè nílò ìtọ́jú.

Alhaja, Alékùwodò
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà ẹbí, àmọ́ ìyá ọkọ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ta ni ọmọ yìí fẹ́ tú inú rẹ̀ fún níbẹ̀? Kó kọ́kọ́ gba ìtọ́jú. Tára bá mókun, kó pe màmá, kó kí wọn, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá máa gbé ọmọ lọ́sàn-án kó lè rí oorun sùn.

Oníbéèrè
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá mi. Mo fún ọkọ mi ní fóònù kó ka ohun tí màmá nọ́ọ̀sì kọ. Ó kà á dé ìbéèrè tó kẹ́yìn, ó wá bi mí. Mo sọ fún un pé ó ti wá sí mi lọ́kàn rí. Ó ní òun ò ní lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, a jọ ń lọ ni. Ṣé mo lè gbé ọmọ dání?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì
Gbé e dání, ọmọ mi. O ṣeun tó o sọ ọ́. Kí ọkọ rẹ má fi ọ́ sílẹ̀ ní ìwọ nìkan lálẹ́ yìí, kó kó oògùn eku àti àwọn oògùn tó wà nílé kúrò nítòsí. Tí èrò yẹn bá tún wá lóru, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ gba ẹ̀ka pàjáwìrì lọ. Tí kò bá wá, ẹ tètè jáde láàárọ̀, torí èrò máa ń pọ̀ níbi káàdì.