Gbígba ẹ̀ńjíníà ní Tokyo láti Yábàá: èló, oṣù mélòó, níbo?

Ará_Sàbó

Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí, ẹ kú ọjọ́. Ilé-iṣẹ́ wa ní Yábàá ń ṣe sọ́fítíwia tí àwọn ilé ìtajà fi ń ka ọjà tó wà nílẹ̀. A ti forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Tokyo, alábàáṣe wa kan tó jẹ́ ọmọ Japan ló wà nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí òṣìṣẹ́ kankan. Ẹ̀ńjíníà méjì la fẹ́, pẹ̀lú ẹnì kan tí yóò máa bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀.

Ìpolówó wa ti wà lórí LinkedIn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tó wà lókè òkun ló ń kọ̀wé, àwọn tó wà ní Tokyo ò yọjú. Ẹ́jẹ́ǹtì kan tó ń báni wá òṣìṣẹ́ wá ní ká san ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún kan ẹni tí òun bá bá wa rí. Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbà á nìyẹn, àbí wọ́n ti fi wá ṣe mùgùn? Ẹ̀kejì: ṣé a lè mú ọmọ wa kan láti Èkó lọ síbẹ̀? Ó ní BSc, ó sì ti pé ọdún méjì lọ́dọ̀ wa. Iye owó àti iye oṣù ni mo fẹ́ gbọ́ o, mo ti gba àdúrà tó.

Ìyá_Olówó_Oṣù

Wọn ò fi yín ṣe mùgùn. Ìdá 30 sí 35 ni wọ́n sábà máa ń gbà níbẹ̀. Ká ní owó ọdún ẹ̀ńjíníà yín jẹ́ 7,000,000 yen, ti ẹ́jẹ́ǹtì á jẹ́ 2,450,000, owó-orí ọjà ìdá 10 á sì gorí ẹ̀, ó di 2,695,000. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ wò ó bóyá ọjọ́ tí ẹni náà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an ni gbèsè ń bẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ ọjọ́ tó kàn sọ pé òun gbà. Ẹ tún wo iye tí wọ́n á dá padà bó bá lọ láàárín oṣù mélòó kan. Kẹ́ ẹ sì bèèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ wọn, torí ẹni tí ìjọba ò fún níwèé àṣẹ ò gbọdọ̀ gbowó lórí kí ó báni wá òṣìṣẹ́.

Owó tí àwọn ará ibí máa ń gbàgbé ni èyí tí agbanisíṣẹ́ ń san lé owó oṣù. Owó ìfẹ̀yìntì jẹ́ ìdá 18.3, ìdajì ẹ̀, 9.15, ni ti agbanisíṣẹ́. Ti ìlera fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 10 ní Tokyo, ẹ̀yin àti òṣìṣẹ́ á pín in sí méjì. Bẹ́ ẹ bá fi ti ìpàdánù iṣẹ́ àti ti ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́ kún un, ẹ ka ìdá 15 sí 16 lé owó oṣù. Lórí 7,000,000, ó lé ní mílíọ̀nù kan yen lọ́dún. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ ní láti forúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì àti ìlera lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ fa iṣẹ́ yìí lé amọ̀ṣẹ́ tó níwèé àṣẹ fún un níbẹ̀ lọ́wọ́, ẹ má fi Excel ṣe é láti Yábàá.

Kóòdù_Alẹ́

LinkedIn yẹn ló ń dá yín dúró. Àwọn ẹ̀ńjíníà ọmọ Japan ò fi bẹ́ẹ̀ náwọ́ síbẹ̀. Orí àwọn ìkànnì iṣẹ́ bíi Green, Findy, Forkwell, Wantedly àti BizReach lẹ ti máa rí wọn. Àwọn àjèjì tó ti ń gbé Japan, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, wà lórí TokyoDev àti Japan Dev. Ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìpolówó kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá gbé ka méjèèjì, kò ní ta níbì kankan. Níbi tí wọ́n bá ti gbà á, ẹ kọ owó oṣù sójú ìpolówó, láti èló sí èló. Ilé-iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, tó tún ń fi owó pamọ́, ta ni yóò dá a lóhùn?

Torí pé ọjà méjì ni, èdè lẹ máa kọ́kọ́ yanjú. Ẹni tó máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè Japan dé ibi tó ti lè fi èdè ọ̀wọ̀ wọn bá ọ̀gá ilé ìtajà sọ̀rọ̀. Àwa tá a mọ̀ pé "ẹ" yàtọ̀ sí "o" ò nílò àlàyé níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí N1, ìpele tó ga jù nínú ìdánwò èdè Japan tí wọ́n ń pè ní JLPT, nìkan ò tó, torí ìdánwò náà kò ní apá ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ jẹ́ kí alábàáṣe yín fi fóònù bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ̀ńjíníà lè jẹ́ elédè Gẹ̀ẹ́sì, bí àwọn ilé-iṣẹ́ Mercari àti HENNGE ṣe ń gbà wọ́n, bí ìwé iṣẹ́ yín bá ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì látilẹ̀.

Ibi tí àwọn àjèjì ti ń ṣubú jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní "kajuaru mendan". Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ìṣẹ́jú 30 sí 60 ni, kí ẹni náà tó kọ̀wé béèrè iṣẹ́ rárá. Ẹ̀yin lẹ máa sọ nípa ara yín níbẹ̀: ta ló fowó sí i, oṣù mélòó ni owó tó wà nílẹ̀ lè gbé yín, kí ni kóòdù yín jọ. Bẹ́ ẹ bá bi í pé "kí ló dé tó o fi fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́?", ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, torí kò tíì sọ pé òun fẹ́. Ìntáfíù méjì tàbí mẹ́ta ló máa tẹ̀ lé e, tẹ́ ẹ sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Aago Tokyo fi wákàtí mẹ́jọ ṣíwájú tiwa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, lẹ́yìn aago méje alẹ́ ló máa ń ráyè. Aago 11 òwúrọ̀ ni l'Ékòó. Ẹ jókòó sí ọ́fíìsì ṣáájú àkókò. Ẹ má wọ ìntáfíù látinú mọ́tò lórí Third Mainland.

Ìwé_Òfin

Ní ti ọmọ yín, ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni físà ẹ̀ńjíníà, tó ń béèrè oyè yunifásítì tó bá iṣẹ́ náà mu, tàbí ìrírí ọdún 10. Èkejì ni ti ẹni tí ilé-iṣẹ́ gbé láti ẹ̀ka kan sí òmíràn: kò béèrè oyè, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín fún ọdún kan gbáko láìdáwọ́dúró kó tó lọ, kí àjọṣe ilé-iṣẹ́ méjèèjì sì hàn nínú ìwé. Nínú méjèèjì, owó oṣù ẹ̀ ò gbọdọ̀ kéré sí èyí tí ọmọ Japan ń gbà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi náírà ṣe ìṣirò.

Ìwé tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbà ni ti ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ìgbélùú, COE, láti ọ́fíìsì ìwọlé-wọ̀dè ní Japan. Wọn kì í gbowó lórí ẹ̀. Oṣù kan sí mẹ́ta ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tuntun ló wà ní ìpele kẹrin, ìpele tí wọ́n ń yẹ̀ wò jù: ètò ìṣòwò, àdéhùn ọ́fíìsì, orísun owó. Tí COE bá jáde, oṣù mẹ́ta péré ló fi ń ṣiṣẹ́, kí ọmọ yín mú un lọ sí ẹ́ḿbásì Japan l'Ábújá láti gba físà. Ẹ má jẹ́ kó já tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣọ́ra fún "naitei". Tẹ́ ẹ bá ti sọ fún èèyàn pé a ti gbà ọ́, tó sì gbà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn ti ka a sí àdéhùn iṣẹ́ láti 1979. Ẹ ò lè yí ọwọ́ padà torí owó ìdókòwò ò tètè wọlé. Àkókò ìdánwò oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà náà ò sọ pé kẹ́ ẹ lé èèyàn bó bá ṣe wù yín. Ó gbọ́dọ̀ ní ìdí tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà, àti ìkìlọ̀ ọjọ́ 30 tàbí owó ọjọ́ 30 bó bá ti lé ní ọjọ́ 14. Nínú ìntáfíù, ẹ má bèèrè ẹ̀sìn, ìlú àwọn òbí, tàbí iṣẹ́ tí bàbá ẹ̀ ń ṣe. Mo mọ̀ pé a máa ń bèèrè ẹ níbí.

Ará_Sàbó

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹnì kan wà tí ọ̀rọ̀ wa wọ̀ lára, ó wá ní ìyàwó òun ò fọwọ́ sí i. A fẹ́ fi ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà ilé-iṣẹ́ Èkó ní iye tí a ti dá (stock option) bẹ̀ ẹ́. Ìgbà wo ló lè bẹ̀rẹ̀ bó bá gbà?

Ìyá_Olówó_Oṣù

Ṣíà kọ́ ló máa yanjú ẹ̀. "Yome block" ni wọ́n ń pe ìyẹn, ó wọ́pọ̀ débi tó fi ní orúkọ. Ohun tó ń ba ìyàwó lẹ́rù sábà máa ń jẹ́ owó ilé: báńkì ń wo iye ọdún téèyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ kó tó yá a lówó ilé. Bí wọ́n bá ń gbèrò àtira ilé, ẹ jẹ́ kó gba owó báńkì kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ohun gbogbo sílẹ̀ lédè Japan, owó oṣù, ìfẹ̀yìntì, ìlera, ìsinmi, kó lè gbé e lọ ilé. Ẹ pe tọkọtaya láti wá wo ọ́fíìsì.

Ṣíà ilé-iṣẹ́ Èkó ò sí lábẹ́ àǹfààní owó-orí tí òfin Japan fún ṣíà ilé-iṣẹ́ tiwọn. Èrè tó bá jẹ lọ́jọ́ tó bá rà á, bí owó oṣù ni wọ́n ṣe máa gba owó-orí lórí ẹ̀, kódà kó máà tíì tà á.

Kóòdù_Alẹ́

Òfin ní ọ̀sẹ̀ méjì ni kó fi sọ fún ọ̀gá ẹ̀ pé òun ń lọ, ṣùgbọ́n oṣù kan sí méjì ni wọ́n sábà ń lò láti fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bọ́nọ́ọ̀sì ń jáde ní oṣù kẹfà sí keje, àti ní oṣù kejìlá. Kò sẹ́ni tó máa fi í sílẹ̀. Bó bá gbà lóṣù karùn-ún, ẹ máa retí ẹ̀ lóṣù kẹjọ tàbí kẹsàn-án.

Tó bá dé, ẹ má fi ìpàdé ojoojúmọ́ sí aago méjì ọ̀sán yín. Aago mẹ́wàá alẹ́ nìyẹn lọ́dọ̀ ẹ̀, ibẹ̀ ni àfikún ìdá 25 ti iṣẹ́ òru ti ń bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Èkó, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Tokyo, ló dáa jù.