Ìwé apanilẹ́rìn-ín láti Slovenia nípa ẹbí tó ń gbé lábúlé

Ìyá Oníwèé:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Mo ń wá ìwé ìtàn-àròsọ láti Slovenia, èyí tó dá lórí ẹbí tó ń gbé lábúlé, àmọ́ kó pa mí lẹ́rìn-ín, torí gbogbo èyí tí mò ń rí, ogun àti ìyà ló kún inú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Kàwékàwé:
Ẹ ka Deseti brat, ìyẹn "Arákùnrin Kẹwàá", mà. Josip Jurčič ló kọ ọ́, 1866 ló jáde, ọmọ ọdún 22 péré ni nígbà yẹn o, òun sì ni wọ́n kà sí ìwé ìtàn-àròsọ àkọ́kọ́ lédè wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ò lówó lọ́wọ́, Lovre Kvas, ló lọ ń kọ́ ọmọ àwọn olówó kan níwèé nílé ńlá wọn ní Slemenice, ló bá rí Manica ẹ̀gbọ́n ọmọ yẹn, ni ìfẹ́ bá wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé gan-an lẹ̀rín wà, pàápàá Krjavelj, tálákà tó ń dá gbé nínú ahéré tòun tewúrẹ́ ẹ̀. Ó ní Sàtánì wá bá òun lóru, lòun bá fi àáké là á sí méjì, bó ṣe ń ṣubú òun gbọ́ gbìì, òun tún gbọ́ gbìì, ìdajì kan lẹ́yìn ìkejì! Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn.

Ọmọ Àlàbá:
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ sọ ìyókù fún wọn. Martinek tí wọ́n ń pè ní arákùnrin kẹwàá, bàbá ẹ̀ ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ìbínú yẹn ò sì tán nínú ẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ gbà gbọ́ pé ọmọkùnrin kẹwàá nínú ilé gbọ́dọ̀ kúrò nílé, kó máa rìn káàkiri, pé ó sì máa ń rí ohun tó pamọ́. Àwa náà ní Ìdòwú àti Àlàbá tí ipò ìbí wọn ní ìtumọ̀, àmọ́ a kì í lé wọn jáde. Ibẹ̀ yẹn dùn mí gan-an.

Ìyá Oníwèé:
Ẹ ṣeun, kò burú tí ẹkún díẹ̀ bá wà níbẹ̀, Krjavelj yẹn ni mo fẹ́ bá pàdé.

Kàwékàwé:
Tẹ́ ẹ bá dé Muljava, abúlé tí wọ́n ti bí Jurčič, ilé ẹ̀ ti di mùsíọ́mù, wọ́n sì kọ́ ahéré Krjavelj síbẹ̀.