Ikọ́ bàbá mi: ṣé jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì lè dé ọ̀nà èémí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ ọdún 72 ni bàbá mi. Ọdún 4 rèé tí wọ́n ti rí jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpòòtọ̀) lára wọn, oṣù 3-3 ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ tó ń dín họ́mọ́nù ọkùnrin kù. Ara wọn ti ń mókun kí ikọ́ yìí tó dé ní oṣù 2 sẹ́yìn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ lóru, èémí wọn á máa súfèé. Àwọn dókítà ní asthma ni, wọ́n fún wọn ní oògùn fífà, kò tù wọ́n lára rárá.

Lánàá mo fẹ́ fọ ṣòkòtò wọn, mo bá aṣọ ìnujú kan lápò, wọ́n ká a kéré. Nígbà tí mo tú u, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ni. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni! X-ray fi nǹkan hàn, àwọn dókítà ní ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tuntun. Àbí ti àtijọ́ ló rìn débẹ̀?

Ìdáhùn 1
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó ṣe ọkọ mi bẹ́ẹ̀. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba imú wọn wọ ọ̀nà èémí, wọ́n sì gé ẹran bíńtín. Ti ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Dókítà kan ló ní kí wọ́n yẹ ẹran náà wò fún PSA, èròjà tí pírọ́sítéètì máa ń ṣe. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé pírọ́sítéètì ni.

Ìdáhùn 2
Nọ́ọ̀sì ni mí, àbúrò. Ó lè débẹ̀. Egungun ló sábà máa ń lọ, inú ihò atẹ́gùn gan-an kò wọ́pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣì í pè. X-ray nìkan ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ibi yòówù kó dé, pírọ́sítéètì ló ṣì ń jẹ́, oògùn rẹ̀ ni wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá ti ń dí ọ̀nà èémí, wọ́n lè fi ìtànṣán jó o tàbí kí wọ́n fi ọ̀pá kékeré là á. Bí bàbá bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ tètè sọ kí wọ́n tó gé ẹran. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ sí i, tàbí tí wọ́n ń mí gúlegúle ní ìjókòó, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn o.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti bá bàbá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí n sunkún ni. Mo ti kọ ọjọ́ gbogbo abẹ́rẹ́ wọn àti èsì PSA sínú ìwé kan. Ọjọ́bọ̀ la ó lọ, aṣọ ìnujú náà ń bá wa lọ.