Àpò ojú ìfun ń jò, ara ti bó: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Ìyá béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ileostomy fún ìyá mi, ìyẹn ni pé wọ́n fa ẹnu ìfun kékeré wá sójú ikùn (òun là ń pè ní ojú ìfun) kí ìgbẹ́ lè máa gbabẹ̀ bọ́ sínú àpò. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí. Apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ikùn ni ojú ìfun náà wà. Àpò tí òun àti àwo tó ń lẹ̀ mọ́ ikùn jẹ́ ọ̀kan náà là ń lò, mìlímítà 38 la sì ń gé ihò rẹ̀ sí, bí wọ́n ṣe gé e fún wa ní ọsibítù. Àwo náà kì í lo ọjọ́ kan tán kó tó jò. Apá ìsàlẹ̀ ló sì máa ń gbà jò, pàápàá tí wọ́n bá jókòó. Awọ ibẹ̀ ti pọ́n, ó ti bó, omi ń sun lára rẹ̀, bí omi ìwẹ̀ bá sì kàn án, ó ń ta wọ́n gan-an. A fi ìpara sí i, àwo kọ̀, kò lẹ̀ mọ́ ọn. A fi téèpù lẹ etí rẹ̀, kò dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká kọ́kọ́ mójú tó, ara tó bó ni àbí jíjò?

Nọ́ọ̀sì_Àpò fèsì:

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Jíjò ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Ohun tó ń jáde láti inú ìfun kékeré ṣì ní oje tó ń mú oúnjẹ dà nínú. Tó bá wà lábẹ́ àwo fún wákàtí mélòó kan, awọ ara ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ìdí nìyẹn tí ìpara kankan kò fi lè wò ó sàn níwọ̀n ìgbà tí nǹkan yẹn bá ṣì ń kàn án. Awọ tó bó á wá máa sun omi, àwo kì í sì í lẹ̀ mọ́ ibi tó tutù, ló bá tún jò.

Ẹ tún ojú ìfun wọ̀n lónìí. Ó máa ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, á sì máa fọn díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, nítorí náà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló yẹ kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lásìkò yìí. Ìwọ̀n ọsibítù yẹn ti pẹ́. Ká ní ojú ìfun ti di mìlímítà 28, tí ẹ ṣì ń gé ihò sí 38, awọ tó fẹ̀ tó mìlímítà 5 ló wà ní ìhòòhò yí i ká, tí ìgbẹ́ olómi ń bà lé tọ̀sán-tòru. Ihò yẹn kò gbọ́dọ̀ fi ju mìlímítà 2 sí 3 tóbi ju ojú ìfun lọ. Ẹ má sì jẹ́ kó fún un pa. Ojú ìfun kì í mọ ìrora, etí àwo lè máa gé e kí ẹni tó ni ín má mọ̀.

Páálí ìwọ̀n tó ní ihò oríṣiríṣi sábà máa ń wà nínú páálí àpò. Tí ojú ìfun kò bá rí roboto, ẹ gbé ọ̀rá tó mọ́, tó ṣeé rí òdìkejì rẹ̀, sókè rẹ̀, ẹ fi bírò ya bó ṣe rí, ẹ gé e, ẹ fi ṣe àwòṣe. Ẹ ṣọ́ra níbì kan o: iwájú lẹ ti yà á, ẹ̀yìn àwo lẹ sì fẹ́ gbé e lé. Ẹ dojú àwòṣe náà dé kí ẹ tó yà á síbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀tún á di òsì, ihò náà kò sì ní bá a mu.

Èkejì, tí ẹ bá ṣí àwo, ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ yí i, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Ibi tó wú, tó yọ́, tàbí tí ìgbẹ́ ti wọ abẹ́ rẹ̀, ọ̀nà tí jíjò ń gbà nìyẹn. Ẹ fi ojú aago pè é, kí 12 wà lápá orí, kí 6 wà lápá ẹsẹ̀. Tó bá yọ́ yí po roboto, ihò ti tóbi jù tàbí àwo ti pẹ́ jù lára. Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń yọ́ nígbà gbogbo, kòtò tàbí ibi tí awọ ti ká wà níbẹ̀. Ẹ wo ikùn wọn láìsí àpò nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, tí wọ́n bá jókòó, tí wọ́n bá dìde, tí wọ́n bá tẹ̀ síwájú díẹ̀. Orí ìjókòó ni kòtò náà sábà máa ń hàn. Ẹ padà wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Olùtọ́jú_Ilé fèsì:

Mo fẹ́ fi bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ kún un.

Ẹ ṣe é láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó fi nǹkan kan ẹnu, ìfun máa ń dákẹ́ nígbà náà. Ẹ ti gé ihò àwo tuntun, kí gbogbo ohun èlò wà nítòsí, kí ẹ tó ṣí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè: ọwọ́ kan di àwo mú, ọwọ́ kejì ń rọra tẹ awọ kúrò lára gọ́ọ̀mù. Ẹ má já a gbà rárá. Bó bá le, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí omi tí wọ́n ṣe fún títú gọ́ọ̀mù rẹ̀ tu ú.

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán tó láti fi fọ ibẹ̀. Ọṣẹ olóòórùn àti tíṣù tútù tí wọ́n fi ń nu ìdí ọmọ máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀ lára, àwo kò sì ní dúró. Ẹ má fi spirit tàbí oògùn apakòkòrò kàn án. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aṣọ tí ẹ fi nu ojú ìfun, kì í ṣe àléébù, awọ ìfun ò nípọn ni. Ẹ nu ara gbẹ táútáú. Tí ìfun bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ ká tíṣù kan, kẹ́ ẹ fi bo ẹnu rẹ̀.

Ó wá kan ibi tó bó. Ẹ fọ́n páúdà ojú ìfun sí i díẹ̀. Ibi tó tutù nìkan ni yóò mú un. Ẹ gbọn ìyókù dànù pátápátá, torí àwo kì í lẹ̀ mọ́ páúdà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi tó ń dáàbò bo awọ lé e lórí, èyí tí kò ní ọtí nínú. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ má fi ra á. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ tún páúdà àti omi náà ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Bí ibẹ̀ bá ṣì tutù, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Èèpá gbígbẹ tó bá dì sórí egbò yẹn ni àwo máa lẹ̀ mọ́. Tí ara bá ti jiná, ẹ jáwọ́ nínú páúdà.

Ẹ fi àwo tuntun sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fún ìṣẹ́jú kan kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ihò yí po dáadáa, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ lọ sí etí. Kí wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e fún ìṣẹ́jú 2 sí 5, torí ooru ara ló ń mú gọ́ọ̀mù rẹ̀ rọ̀ mọ́ awọ.

Ní ti téèpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Ṣe lẹ há ìgbẹ́ mọ́ abẹ́ àwo kó lè máa jẹ ara lọ. Tí àwo bá ti jò, tàbí tí abẹ́ rẹ̀ bá ń yún wọn tàbí ń ta wọ́n, ẹ ṣí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru.

Ọmọ_Ìyá:

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san yín lóore. A wọ̀n ọ́n, mìlímítà 29 ni. Àwo tí a ṣí láàárọ̀ yọ́ láti aago 4 dé aago 7. Tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, ojú ìfun yọ síta tó sẹ̀ǹtímítà kan. Tí wọ́n bá jókòó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá awọ dọ́gba, ihò rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, awọ sì ká wọlé lábẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àpò:

Ọ̀rọ̀ ti yé wa nìyẹn. Ojú ìfun ileostomy tó bá yọ tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 máa ń da ohun tó ń jáde sínú àpò tààrà. Ti ìyá kò yọ tó bẹ́ẹ̀, ihò rẹ̀ sì kọjú sísàlẹ̀, ló fi jẹ́ pé orí etí àwo gan-an ló ń dà á sí.

Ẹ gé ihò sí 31 tàbí 32 láti òní lọ. Ẹ wá òrùka rírọ̀ tí wọ́n ń fi sẹ́yìn àwo. Ẹ fà á kó bá ihò mu, kó fara kan ẹ̀gbẹ́ ojú ìfun yí po. Ẹ gé díẹ̀ lára òrùka mìíràn, ẹ fi dí ibi tí awọ ti ká láti aago 4 sí 7 kí ojú ibẹ̀ lè tẹ́jú kí àwo tó bà lé e. Orí ìjókòó ni kí wọ́n wà nígbà tí ẹ bá ń dí i, torí tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, kòtò náà á pòórá, ẹ ò ní mọ ibi tó yẹ kí ẹ dí. Ìpara àpò tó wà nínú túùbù bí ọṣẹ ìfọyín kì í ṣe gọ́ọ̀mù o, ohun ìdíhò ni. Ọ̀pọ̀ wọn ní ọtí nínú, á sì ta wọ́n níbi tó bó.

Tí jíjò kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn èyí, àwo tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ síta ló kàn. Ó ń tẹ awọ yí ojú ìfun ká kí ó lè yọ síta sí i. Bẹ́líìtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìró kan náà pẹ̀lú ojú ìfun, kó má gùn sókè síbi ìbàdí, kí ìka méjì sì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa àpò yan bí yóò ṣe jìn tó, torí èyí tó bá le jù lè dá egbò sí awọ. Bí ẹ bá rí àmì dúdú tó rí roboto lára awọ tàbí àpá tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ ṣí i, ẹ dá a dúró.

Ẹ máa tú àpò dànù nígbà tó bá kún dé ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì. Àpò wúwo ló ń fa àwo ya kúrò lára. Ní báyìí, ẹ máa pààrọ̀ lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ méjì-méjì kí ẹ lè máa wo egbò; tó bá jiná, ọjọ́ 3 sí 4 ló dára. Ẹ yan ọjọ́ kan, ẹ má dúró de jíjò.

Ọ̀rọ̀_Awọ fèsì:

Ti ìyá yìí jọ ti oje ìfun lóòótọ́, torí ibi tó ń jò nìkan ló bó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo pípọ́n ara ló rí bẹ́ẹ̀. Tí ó bá ń yún ju bó ṣe ń ta lọ, tí kókó pupa wẹ́wẹ́ sì tàn ká kọjá etí rẹ̀, fungus ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́. Páúdà oògùn fungus ni kí dókítà kọ, kì í ṣe ìpara ọlọ́ràá. Tí pípọ́n náà bá rí gẹ́lẹ́ bí àwo ṣe rí, ó ṣeé ṣe kí ara kọ gọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ lẹ ègé kékeré lára àwo mọ́ apá kejì ikùn fún wákàtí 48, kí ẹ wò ó. Kókó kéékèèké nídìí irun ikùn máa ń wá láti ara irun tí àwo ń fà tu. Ẹ fi kílípà gé e mọ́lẹ̀, ẹ má fi abẹ fá a. Egbò jíjìn tó ń ro wọ́n gidi, tí etí rẹ̀ dúdú bí àlùkò, kò jẹ́ ti ilé. Kí dókítà rí i kíákíá, pàápàá fún ẹni tí àìsàn ìfun wíwú ń bá jà.

Ẹ wo bí ohun tó ń jáde ṣe rí pẹ̀lú. Tó bá ṣàn bí omi, kò sí àwo tó lè dúró pẹ́. Ìrẹsì funfun àti búrẹ́dì funfun máa ń mú un ki díẹ̀. Oògùn loperamide wà, tó ń mú kí ìfun rọra ṣiṣẹ́, ìṣẹ́jú 30 ṣáájú oúnjẹ ni wọ́n sábà ń lò ó, àmọ́ dókítà ló ń sọ iye rẹ̀. Tí ohun tó ń jáde bá ju mìlílítà 1,500 lọ lójúmọ́, ara á gbẹ. Kí wọ́n má kàn máa mu omi lásán, omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni, kẹ́ ẹ sì pe ọsibítù. Bí ohunkóhun kò bá jáde fún wákàtí 4 sí 6, tí inú ń run wọ́n tàbí tí wọ́n ń bì, tàbí bí ojú ìfun bá kúrò ní pupa tó di dúdú, ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún wọn ní loperamide nígbà tí ohunkóhun kò bá jáde.

Ọmọ_Ìyá:

A ti gé e sí 32, òrùka sì ti wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé wọ́n lè wẹ̀ láìsí àpò lọ́jọ́ tí a bá ń pààrọ̀?

Olùtọ́jú_Ilé:

Wọ́n lè wẹ̀. Omi ìwẹ̀ kò lè ṣe ojú ìfun ní nǹkan kan. Kí omi má kàn máa tú lé e tààrà pẹ̀lú agbára, kí ẹ sì ní tíṣù lọ́wọ́ bó bá ṣiṣẹ́ lójijì. Ẹ nu ara gbẹ, kí wọ́n fẹ́ ibi tó bó sí atẹ́gùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ páúdà.