Ọ̀nà Trans-Taiga ní Quebec: ṣé ọkọ̀ 4Runner lè dé Caniapiscau?

Àdìó_Montreal: Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará Kánádà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fẹ́ gbé 4Runner mi lọ pẹja ní adágún Caniapiscau, ní ìparí ọ̀nà Trans-Taiga, nínú oṣù Keje. Wọ́n ní bí èèyàn bá ti kọjá Brisay, ibùdó iná mànàmáná tó wà lójú ọ̀nà náà, ọ̀nà ò dáa mọ́. Ṣé táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yìí tó, àbí kí n ra òmíì?

Ìyá_Onítírélà: Àdìó, kú ìmúra. Kẹ́ ẹ tó dé Brisay rárá, epo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù. Láti Matagami dé Radisson, ilé epo kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà James Bay, ní kìlómítà 381. Ẹ rọ ọ́ kún dẹ́nu. Ní kìlómítà 544 lẹ máa yà sọ́tùn-ún wọ Trans-Taiga. Epo tó kàn, ó di Mirage, ibùdó àwọn ọdẹ, ní kìlómítà 358 ọ̀nà yẹn. Ẹ ṣírò ẹ̀ láti ilé epo 381 yẹn, ó lé ní 520 kìlómítà. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá epo wà. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ṣe fún epo ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé o, kì í ṣe ti òróró!

Táyà ìgboro yẹn, ẹ yọ ọ́. Wọn ò da ọ̀dà síbẹ̀, òkúta ẹ̀ mú bí abẹ, ẹ̀gbẹ́ táyà ló sì máa ń gé. Fọ́kanáísà wo ló fẹ́ lẹ ẹ̀gbẹ́? Sípéà méjì, kó ti wà lórí ríìmù. Bẹ́ ẹ bá rí ọkọ̀ akẹ́rù lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ dín eré kù, ẹ fà sọ́tùn-ún pátápátá. Òkúta tí táyà ẹ̀ bá ta, gíláàsì iwájú yín ló ń bọ̀.

Láti Brisay lọ, gbágungbàgun ni. 4Runner á rìn ín, bẹ́ ẹ ò bá sáré.

Bísí_Laval: Ẹ̀gbọ́n, ta ló tiẹ̀ la ọ̀nà sínú irú igbó bẹ́ẹ̀? Ṣé fóònù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Ìyá_Onítírélà: Hydro-Québec ni, torí ìdídò odò La Grande. Lára iná tó ń se ìrẹsì yín ní Laval, ibẹ̀ ló ti ń wá. Fóònù kẹ̀? Ẹ háyà ti sátẹ́láìtì. Láti Caniapiscau, Radisson ni ìlú tó sún mọ́ jù lójú ọ̀nà, ó sì lé ní 700 kìlómítà. Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì ìborí náà, eṣinṣin ibẹ̀ ò mojú àlejò.

Àdìó_Montreal: Ẹ ṣé, Màmá. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní kúlà ẹja ló máa gba àyè sípéà kejì.

Ìyá_Onítírélà: Kó gbé kúlà ẹ̀ lé itan.