Físíìsì àbí fèrè: ẹ wá sọ bó ṣe rí fún yín

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin ti parí JSS3, SS1 ló kàn ní September, wàhálà sì ti wọ ilé wa. Àtìgbà tó ti wà ní praimárì ló ti ń tẹ dùùrù, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sì gba nǹkan míì ju A lọ nínú Músíìkì rí. Àmọ́ ó tún fẹ́ ṣe dókítà, kì í ṣe èmi ni mo fi sí i lẹ́nu o, òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ilé-ìwé wá ní tó bá ti wọ sáyẹ́ǹsì kó gbàgbé Músíìkì, àwọn ọmọ art ló ni ín. Dádì ẹ̀ ní kí ló tiẹ̀ wà ńbẹ̀ tá à ń rò. Ọmọ ò jẹun alẹ́ àná. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọ́ fún mi, báwo lẹ ṣe ṣe é?

*

Màámi, ẹ kú wàhálà ọmọ o. Ọ̀rọ̀ yín gbé mi padà sí Ìbàdàn ní 1998, ó máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Fèrè ni tèmi, trọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Inú Boys' Brigade ni mo ti kọ́kọ́ fẹnu kàn án, kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì tí mo bá tíṣà Músíìkì kan pàdé tá a máa ń pè ní Màásítà. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni yàrá Músíìkì wa wà, dùùrù kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀, ikán ti jẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ kan, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi gbé e ró, eyín ẹ̀ mẹ́fà ni ò sọ̀rọ̀ mọ́, tó o bá fẹ́ tẹ orin lórí ẹ̀ wàá ti mọ ibi tó o máa fò. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nóòtì, torí sol-fa nìkan ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Màásítà ló fi hàn mí pé ibi mẹ́ta péré lọwọ́ ń tẹ̀ lára trọ́ńpẹ́ẹ̀tì, àkọ́kọ́ á fa ohùn wálẹ̀ bí ìgbà téèyàn kúrò lórí rè bọ́ sí dò, ìkejì bí ìgbà téèyàn kúrò lórí dò bọ́ sí tì, ìkẹta bí ìgbà téèyàn kúrò lórí fà bọ́ sí rè. Ó tán. Gbogbo ìyókù, ètè ni. Wọ́n máa ń ní ètè gan-an ni fèrè, idẹ yẹn kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni.

Bí rísọ́ọ̀tì JSS3 ṣe jáde, bàbá mi pè mí. Òṣìṣẹ́ NEPA ni wọ́n. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, wọn ò lù mí, wọn ò tiẹ̀ pariwo, wọ́n rọra bọ́ bàtà, wọ́n jókòó, wọ́n ní ta ni mo mọ̀ tó fi fèrè kọ́lé. Mo ní Fela. Ọdún tó ṣáájú ni Fela kú, orin ẹ̀ wà níbi gbogbo, mo rò pé mo ti mú wọn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Bàbá mi ní òótọ́ ni, ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n ní kó lọ kà ní London ní 1958, ó débẹ̀ tán ó gba Trinity College of Music lọ, ṣùgbọ́n ṣé mo mọ̀ pé dókítà ni Olikoye ẹ̀gbọ́n ẹ̀, dókítà sì ni Beko àbúrò ẹ̀? "Ilé tí dókítà méjì wà, ẹnì kan lè máa fọn fèrè. Ìwọ nìkan lo ń gba Máàtì nílé tèmi."

Kí lẹ fẹ́ kí n fọ̀ sí ìyẹn? Mo sì ti wá rí i pé gbogbo ẹni tó bá ń jà fún orin ló ń pe Fela ṣe ẹlẹ́rìí, wọn kì í rántí pé bàbá ẹ̀ lọ̀gá ilé-ìwé girama ní Abẹ́òkúta, pé bàbá bàbá ẹ̀, Josiah Ransome-Kuti, ti kọ orin ìsìn sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922. Nílé tiwọn, orin ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Nílé tiwa, rédíò bàbá mi nìkan ló ń kọrin.

Báyìí ni mo ṣe wọ sáyẹ́ǹsì. Ọjọ́ Tuesday àti Thursday, àkókò kan náà ni Físíìsì àti Músíìkì bọ́ sí, láti láàbù wa mo máa ń gbọ́ àwọn tó kù tí wọ́n ń kọ skéèlì lẹ́yìn ilé ìdáná, mo sì máa ń gbọ́ ẹni tó ṣì í. Mouthpiece mi, ibi téèyàn ń gbẹ́nu lé lára fèrè, wà lápò mi ní gbogbo ìgbà, mo máa ń fọwọ́ pa á lára.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀ ní SS2. Tíṣà Físíìsì wa mú tuning fork kan wá, irin bíi fọ́ọ̀kì ẹlẹ́yín méjì, wọ́n á lù ú mọ́ rọ́bà, wọ́n á gbé e sẹ́nu páìpù kan tó dúró sínú omi, wọ́n á wá máa fa páìpù yẹn sókè díẹ̀díẹ̀. Kò sóhùn. Wọ́n tún fà á. Kò sóhùn. Bó ṣe yọ lójú omi tó bíi sẹ̀ǹtímítà 16 báyìí, páìpù yẹn bú lẹ́ẹ̀kan náà, hùùùn, àfi bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Àwọn tó kù ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé, èmi ti ń gbọ́ dò. Mo nawọ́. Mo ní "Sà, dò ni, ṣùgbọ́n ó wálẹ̀ díẹ̀." Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń lu tábìlì. Tíṣà ní 512 ni wọ́n kọ sára ẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pé irin kì í wálẹ̀, kí n jókòó. Dò kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wà létí mi, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo ti ń ṣiṣẹ́ kí n tó kà á níbì kan pé 512 ni dò àwọn onísáyẹ́ǹsì, tàwa olórin lónìí, tá à ń fi A (là) tó jẹ́ 440 tò, ó lé díẹ̀ ní 523. Ó wálẹ̀ lóòótọ́! Ẹni bá rí ọ̀gá yẹn kó bá mi sọ fún wọn.

Mo ka electrical, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni mò ń tún ṣe báyìí, owó ń wọlé, mi ò ní purọ́. Ìpinnu bàbá mi ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé gbogbo wọn ní kí n parí ìwé ná, pé fèrè ò ní sá lọ. Fèrè ò sá lọ lóòótọ́. Ètè ló lọ. Nígbà tí mo pé 31 mo ra tòkunbọ̀ kan, mo fọn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ètè mi ń gbọ̀n bíi tẹni tí òtútù mú, gbogbo ohùn òkè ti fò lọ. Trọ́ńpẹ́ẹ̀tì kẹta ni mò ń fọn nígbà ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ ọdún 14 kan ló wà nípò kìíní, ó sì máa ń sọ fún mi pé "Dádì, ẹ mí dáadáa."

Màámi, ibi tí mò ń lọ rèé. WAEC ò sọ pé ọmọ sáyẹ́ǹsì ò gbọdọ̀ ṣe Músíìkì. Mẹ́sàn-án lèèyàn lè ṣe. Ẹ ka Gẹ̀ẹ́sì, Máàtì, Físíìsì, Kẹ́mísìrì, Báólọ́jì, ẹ fi àwọn míì tó bá jẹ́ dandan kún un, àyè á ṣì ṣẹ́ kù. JAMB tó bá fẹ́ fi wọ ìṣègùn, Gẹ̀ẹ́sì àti sáyẹ́ǹsì mẹ́ta yẹn náà ni, Músíìkì ò dí i lọ́wọ́. Táìmtébù ilé-ìwé yín ló ń jà. Ẹ lọ gba táìmtébù yẹn, ẹ fojú ara yín wò ó. Tí wọn ò bá sì gbà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún un pé kó gbé e tì ná.

*

Èmi ni mo ṣe òdìkejì ẹ̀gbọ́n yìí. Ìbínú ni mo fi yan Músíìkì, torí dádì mi ya fọ́ọ̀mù mi, ni mo bá lọ gba òmíràn mo kọ art sí i. Mo débi tí mo fẹ́ dé o, mo ka díplómà nílé-ìwé orin MUSON l'Ékòó, ilé mẹ́rin ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní dùùrù ní Lẹ́kí báyìí. Tó bá di December, carol, ìgbéyàwó, owó ń rọ̀. January, ẹ má pè mí. Nígbà tí mo pé 27 tí ọkọ mi ń lọ s'ókè òkun, mo fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n ní Báólọ́jì dà, Kẹ́mísìrì dà, Físíìsì dà. Mo ra ìwé, mo jókòó sáàárín àwọn ọmọ ọdún 17 ní lẹ́sìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lọ. Dùùrù ò ṣẹ̀ mí. Ká ní mi ò bínú ni, ó ṣeé ṣe kí n mú Báólọ́jì nìkan dání.

*

London ni mo wà, irú wàhálà yìí wà níbí náà, Year 9, bí ọmọ ọdún 13 sí 14, làwọn tiwa máa ń yan. Ìyá wọn fẹ́ triple science, ìyẹn Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Báólọ́jì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọ fẹ́ Music, ẹ̀gbẹ́ kan náà lórí fọ́ọ̀mù ni méjèèjì wà, ọ̀kan péré ló lè mú. Tíṣà ló là wá lójú pé pẹ̀lú combined science náà, tí wọ́n pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tó bá gbà á dáadáa, ó ṣì lè ṣe sáyẹ́ǹsì ní A-level. Ó mú Music. Ariwo sáksófóònù nìkan ló ku ìṣòro wa.

*

Ẹ ṣeun gan-an ni o, mo ka gbogbo ẹ̀ fún dádì ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ní "ilé tí dókítà méjì wà" ló ti rẹ́rìn-ín, ó ní èèyàn gidi ni bàbá yẹn. A lọ sílé-ìwé lánàá. Wọ́n kọ́kọ́ ní kò sí irú ẹ̀ rí. Mo ní ẹ jẹ́ n rí táìmtébù. Ẹ ò ní gbà gbọ́, Ọjọ́rú nìkan ni Músíìkì àti Kẹ́mísìrì forí gbárí, ìṣẹ́jú 40 péré. VP, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, wò ó, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Ajé.