8A pẹ̀lú 8A, síbẹ̀ orin méjèèjì ń bára wọn jà. Níbo ni mo ti ṣì í?

omo_kaba_dj: Okun o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Kàbà ni mo wà, ìgbéyàwó àti bọ́ọ̀tdéè ni mo sábà máa ń ṣe DJ fún, àmọ́ techno, orin ijó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, ló wà lọ́kàn mi, mo wá ń kọ́ ọ ní yàrá mi lálẹ́ tí iná bá wà. Lánàá mo mú orin méjì, sọ́fítíwíà ní 8A ni méjèèjì (nọ́ńbà tí àwa DJ fi ń mọ kíì, ìyẹn ìpele ohùn tí orin wà), ọ̀kan 128 BPM, ìyẹn iye ìlù nínú ìṣẹ́jú kan, èkejì 136. Mo fa ti 128 gòkè dé 136, ìlù wọlé síra wọn, ó ń lọ geere, àfi ìgbà tí dùùrù ti àkọ́kọ́ bá ti èkejì pàdé, háà, àbúrò mi obìnrin tó ń din àkàrà níta ló kígbe pé kí ló ń ṣe spíkà. Ṣebí 8A àti 8A máa ń bára mu ni? Àbí sọ́fítíwíà ló ń parọ́?

mopa_boy: Techno ní Kàbà kẹ̀? Nǹkan òyìnbó. Fi fújì sí i jàre, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ ní kíì. Àmọ́ tó o bá fẹ́ gbọ́ tèmi, fa ti 128 gòkè dé 132, fa ti 136 wálẹ̀ dé 132, kí wọ́n pàdé láàárín, ó parí.

baba_kaseeti: Àbúrò, ọmọ aláwọ̀ dúdú ló bí techno o, ní Detroit ní Amẹ́ríkà, àwọn Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson, láàárín ọdún 1980 sí 1989, ẹ fi òyìnbó sílẹ̀.

Ìwọ tó o béèrè, sọ́fítíwíà ò parọ́. O lè má bá kásẹ́ẹ̀tì láyé, àmọ́ tí bátìrì bá ti rẹ̀, ohùn akọrin á wúwo bíi ti arúgbó, tí ẹ̀rọ bá sì ń sáré jù, á dún bí ọmọ ọwọ́. Eré orin àti ohùn rẹ̀ jọ ń rìn ni, àfi tó o bá yà wọ́n. Láti 128 dé 136, 6.25% nìyẹn, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 6% ti tó gbé orin gòkè ní sẹmitóònù kan, ìyẹn láti orí kíì dùùrù kan bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e gan-an, tó o bá ka dúdú pọ̀ mọ́ funfun. 8A rẹ ti di 3A kó o tó mọ̀! Bí onígángan méjì ni, tí ọ̀kan fún ọsán mọ́ra tí èkejì dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ti pé kí wọ́n pàdé ní 132 yẹn ò sì tún nǹkankan ṣe, ọ̀kan gòkè díẹ̀, èkejì wálẹ̀ díẹ̀, àlàfo àárín wọn ṣì wà bó ṣe wà.

Wá bọ́tìnnì key lock, lára ẹ̀rọ Pioneer Master Tempo ni wọ́n ń pè é. Tẹ̀ ẹ́, eré á yí, ohùn á dúró.

egbe_sound: Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ èmi ò fẹ́ràn key lock tí wọ́n bá ti fa orin jìnnà, kick, ìlù wúwo tó ń dún gbì-gbì nísàlẹ̀ yẹn, á máa rọ̀ bíi pé wọ́n fi aṣọ bò ó. Mo máa ń pa á, kí n wá orin 1A tó wà ní 128, tí mo bá fà á dé 136 òun náà á ti di 8A. Tí kò bá sí, orin 134 tàbí 135 tó jẹ́ 8A, tàbí 7A, 9A tàbí 8B tó máa ń bá 8A mu, ìyẹn ò ní yẹ̀ púpọ̀. Àti pé ọ̀pọ̀ techno, ìlù àti ariwo irin lásán ni, nọ́ńbà tí sọ́fítíwíà kọ sí i, ìméfò ni. Tó bá jẹ́ irú ìyẹn, gé báàsì ọ̀kan kó o tó jẹ́ kí ti èkejì wọlé, kick méjì ò lè jókòó sórí àga kan. Ibi tí dùùrù bá ti gùn ni kó o ti ṣọ́ra, fi hẹ́ẹ̀dìfóònù gbọ́ méjèèjì pọ̀ kí ará ilé tó gbọ́.

omo_kaba_dj: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo lọ wò ó, bọ́tìnnì yẹn ti wà ní pípa látọjọ́ tí mo ra ẹ̀rọ yìí ní tokunbọ̀ ní Lọ́kọ́ja, mo rò pé iná rẹ̀ ló ti jó. Mo tẹ̀ ẹ́, dùùrù méjèèjì wọra. Kick rọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, egbe_sound ò purọ́. Mò ń wá 1A báyìí, méjì péré ni mo ní, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì rèé, ìlù lásán ni. Alákàrà ò sọ nǹkankan lónìí.

mopa_boy: Mo gbà, mo gbà. Ṣùgbọ́n tó o bá gbé e wá síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Dìsẹ́ńbà, bálánsì ẹ ń bẹ lápò mi o.